Irin tí wọ́n bọ́ láṣọ: kí la fẹ́ fi bò ó kó tó dípẹtà?

Mọ́tò Ìjàpá (Volkswagen Beetle) kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń tún ṣe, ọdún 1978 ni bàbá mi rà á, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Lọ́jọ́ kan báyìí mo lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà n'Íbàdàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gíráńdà họ gbogbo ọ̀dà orí òrùlé ẹ̀ kúrò ni, irin ń dán bíi páànù tuntun, inú mi dùn lọ sílé. Òjò ò rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn o, ìrì lásán ló sẹ̀. Nígbà tí mo máa padà débẹ̀ láàárọ̀, àtẹ́lẹwọ́ èèyàn ló wà lórí òrùlé yẹn, ìka márààrún pé pérépéré, ó pọ́n bí epo pupa. Ọmọ iṣẹ́ ló fọwọ́ ti mọ́tò nígbà tó ń kọjá, òógùn ọwọ́ ẹ̀ ló ya ara ẹ̀ sórí irin bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa, gbogbo òrùlé náà ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìgbà téèyàn da tíì sáṣọ funfun tó wá sáré fi omi ṣàn án.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi. Ọ̀gá kan ní kí n fi kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì pa á lára, òmíì ní púráímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń ṣáájú ọ̀dà gan-an) ti tó, ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní London ní epoxy, púráímà alágolo méjì, ni kí n lọ wá, wẹ́dà àdúgbò ní red oxide, púráímà pupa yẹn, ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ibi tí gbogbo wọn ti ń tàsé ni pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: èwo ló lágbára jù? Èmi ò rò pé ìbéèrè yẹn wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé, ọjọ́ mélòó ni irin yìí máa fi wà níhòòhò, kí ló sì ń bọ̀ wá gorí ẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣé wẹ́ẹ̀dì ni, ṣé fílà ni (fílà tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára mọ́tò o, kì í ṣe fìlà gọ̀bì), àbí ọ̀dà gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti dáhùn méjèèjì yìí, ohun tẹ́ ẹ máa rà á fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ara ẹ̀.

Irin, omi, àti ọ́síjìn, àwọn mẹ́ta yìí náà ló ń di ìpẹtà. Omi ọ̀hún ò sì ní kó jẹ́ òjò, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, irin tí ò wọṣọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún ní tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ l'Ékòó àti Ìbàdàn àfi ìgbà ọyẹ́ nìkan ni òru fi máa ń gbẹ tóyẹn. Iyọ̀ ló tún máa ń fi epo sí iná náà, ìdí nìyẹn tí mọ́tò àwọn tó ń gbé etí òkun, ní Lẹ́kkí, Àjàh, Badagry, fi ń tètè jẹ, ìdí kan náà nìyẹn tí tòkunbọ̀ tó wá láti ibi tí yìnyín wà fi lè dán lókè kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ti jẹ tán, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì níbẹ̀ nígbà òtútù. Ṣebí wọ́n ní Ògún lómi nílé ó ń fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ni irin ló mọ ohun tí omi ń fi irin ṣe.

Kẹ́ ẹ họ ọ́, àbí kẹ́ ẹ fi ọ̀dà àtijọ́ sílẹ̀

Ibí ni ìfiwéra ti bẹ̀rẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta púráímà rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fẹ́ kí mọ́tò dà bíi pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, la bá ní kí wọ́n họ gbogbo ẹ̀ látorí dé ìdí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a wá ya fọ́tò, a gbé e sórí status, owó tán, mọ́tò dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀dà àtijọ́ tó ṣì mú irin dáadáa, kódà kó ti ṣá, kódà kó burẹ́wà, ó ń dáàbò bo irin yẹn ju ohunkóhun tẹ́ ẹ máa fi wéré wéré kùn ún lọ.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí ni pé ibi tí mo bá lè bò lọ́jọ́ kan náà ni mo ń họ. Ìjàpá sì dáa fún irú ẹ̀, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de àwọn mọ́gáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn, èèyàn lè tú ọ̀kan, kó họ ọ́ láàárọ̀, kó fọ́n ọn lọ́sàn-án, kó gbé e kọ́ sínú ilé, kó tó kan ìkejì. Ó pẹ́ o, mi ò ní parọ́. Àmọ́ n kò tíì rí àtẹ́lẹwọ́ kankan mọ́.

Ẹni tí iṣẹ́ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kíá, tó fẹ́ họ gbogbo ẹ̀ pọ̀, kó fi í sí December tàbí January, nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Òṣù June sí October, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, àyàfi tẹ́ ẹ bá ní ilé tí òrùlé ẹ̀ ò jò.

Ọ́ìlì àti WD-40, àbí kẹ́ ẹ kàn fi sílẹ̀ ní gbígbẹ

Kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì ò gbówó lórí, gbogbo mẹkáníìkì ló ní in, ó sì ń ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ pé kò ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ mọ́tò tẹ́ ò ní kùn láéláé, tàbí ohun èèlò inú ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ tú sílẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì pa á, ó tán. Bó bá jẹ́ ojú irin tó máa gba ọ̀dà ni, ẹ̀yin gan-an lẹ ń wá ìjàngbọ̀n, torí ọ̀rá yẹn á wọnú gbogbo ojú sáńpépà, á sá pamọ́ sí ibi tí irin ti ká mọ́ra, tó bá wá dọjọ́ tẹ́ ẹ máa fọ́n ọ̀dà, ọ̀dà á máa sá fún un, ẹ̀ẹ́ rí àwọn ihò róbótó róbótó bí ojú ẹja káàkiri.

WD-40 ní tiẹ̀, àwọn tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ní San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é lọ́dún 1953, ohun tó ń lé omi ni wọ́n ń wá, ìgbà ogójì tí wọ́n dán an wò ló bọ́ sí i, òun ni 40 tó wà lára orúkọ ẹ̀. Ó ń lé omi lóòótọ́. Àmọ́ ó fúyẹ́, kì í pẹ́ lórí irin, ọjọ́ mélòó kan ni tiẹ̀, nínú ilé sì ni, ẹ ṣì máa ní láti fọ̀ ọ́ kúrò bíi ti ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó kun nǹkan kan. Mò ń fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀tì tó lẹ̀ àti ilẹ̀kùn tó ń ké.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré sí méjì ni irin máa wà níhòòhò, nínú ilé, ẹ jẹ́ kó gbẹ ni, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Ẹ wọ gíláàfù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì fi tàpólì bò ó mọ́lẹ̀ gbagidi, mo ṣe irú ẹ̀ rí lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní sìmẹ́ńtì, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ ló ń gòkè lóru, tó ń há sábẹ́ tàpólì, láàárọ̀ ńṣe ni inú tàpólì ń sun bí ẹni pé wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa bò ó, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Púráímà lásán àbí epoxy

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lowó wa ń bá lọ.

Púráímà lásán tí mò ń wí ni èyí tó wà nínú agolo kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fi tínà là, eléèérú tàbí funfun, tó ń gbẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní in. Ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà máa sọ fún yín pé tí wọ́n bá ti fi púráímà yìí lé e, irin ti bọ́ lọ́wọ́ ìpẹtà. Kò tíì bọ́ o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó dí ojú sáńpépà kí ọ̀dà lè jókòó dáadáa, wọ́n ṣe é kó rọrùn láti yún ni, ìdí nìyẹn tó fi kún fún àwọn ihò kéékèèké tí ojú ò rí, omi ń gba inú ẹ̀ kọjá. Mo fi mọ́gáàdì ọwọ́ ọ̀tún iwájú sílẹ̀ nínú púráímà eléèérú fún oṣù márùn-ún, mo ṣáà gbà pé mo ti bo irin. Lẹ́yìn tí wọ́n kun ọ̀dà sí i, kò tíì pé ọdún kan tó fi lé ròrò, mo tẹ ọ̀kan nínú àwọn ìléròrò yẹn fọ́, omi díẹ̀ ló jáde, a bá yún un padà, irin abẹ́ ẹ̀ kún fún àmì pupa kéékèèké tótòtó bí ìgbẹ́ eṣinṣin. Ìpẹtà ń gba àyè ju irin tó ti ara ẹ̀ jáde lọ, ó lé ní ìlọ́po méjì, kò síbi tó máa lọ ju kó máa ti ọ̀dà sókè lọ.

Red oxide ńkọ́? Ó sàn ju púráímà eléèérú lọ fún géètì àti páìpù, àwọn wẹ́dà ò jayò pa. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa ẹ̀ ni pé àwọ̀ pupa inú ẹ̀, ìran ìpẹtà náà ni, irin tó ti bá ọ́síjìn ṣe wọléwọ̀de tán ni wọ́n lọ̀. Àmọ́ ọ̀dà ọlọ́ọ̀rá ló pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, ó ń pẹ́ gbẹ dénú, tẹ́ ẹ bá wá fọ́n ọ̀dà mọ́tò tó ní tínà tó le lé e lórí, ó lè hunjọ bí awọ wàrà gbígbóná. Fún abẹ́ mọ́tò, mo gbà. Fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, rárá.

Epoxy yàtọ̀. Agolo méjì ni, ọ̀kan púráímà, ìkejì hádínà, tẹ́ ẹ bá pò wọ́n pọ̀ wọ́n á so mọ́ra wọn, kì í ṣe pé tínà kàn ń fẹ́ lọ, wọ́n ń di nǹkan mìíì ni. Tó bá ti gbẹ tán, kò sí ihò, omi ò rọ́nà gbà, ó sì ń di irin mú gírígírí. Òun nìkan ni mo mọ̀ tí mo lè fi sára irin kí n sì sùn fún oṣù mẹ́fà. Ó ní àléébù tiẹ̀ náà. Ó wọ́n, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta púráímà lásán, nígbà mìíì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ọjà ló ti wà. Ooru tiwa níbí ń jẹ́ kó tètè dì nínú agolo, ẹ má po ju ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò lọ, tẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú ibọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọn, ibọn lọ nìyẹn. Oòrùn náà kì í jẹ́ kó gbádùn, tó bá pẹ́ níta láìsí ọ̀dà lórí, ojú ẹ̀ á máa di ẹ́fun, torí náà ẹ gbé e sí abẹ́ ìbòji.

Bí wọ́n ṣe ń pò ó, ẹ ka ara agolo. Òmíì ìlàjì sí ìlàjì, òmíì méjì sí ọ̀kan, òmíì mẹ́rin sí ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí pẹ́ńtà fi ojú wọ̀n ọ́n, mo bẹ̀ yín, hádínà tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kó gbẹ kíá, ńṣe ló ń bà á jẹ́. Ara agolo yẹn náà lẹ ti máa rí iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní láti fi nǹkan mìíì lé e láìyún un. Tọ́jọ́ yẹn bá ti kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ fi sáńpépà rẹ́ ojú ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fi sórí ẹ̀ á ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́.

Ọ̀rọ̀ fílà ló kù níbí. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ni pé fílà máa lọ sórí irin lásán, wọ́n á fi omi yún un, wọ́n á fi sílẹ̀ dọ̀la kí wọ́n tó fi púráímà lé e. Ẹ jẹ́ ká ro ó díẹ̀. Fílà ń mu omi bíi ṣọ́ọ̀kì. Omi yẹn wọlé, ó dé ojú irin, wọ́n sì bò ó mọ́bẹ̀. Ta ló ṣẹ̀? Èmi máa ń fọ́n epoxy ṣáájú báyìí, lẹ́yìn tó bá gbẹ ni màá fi fílà lé e lórí, sáńpépà gbígbẹ la sì fi ń yún fílà, kò sí omi. Pẹ́ńtà tí mò ń lò bínú nígbà àkọ́kọ́, ó ní eruku ti pọ̀ jù, mo ra ìbomú fún un, ó gbà.

Etch primer: ó mú irin, kò bò ó

Èyí tí àwọn kan ń pè ní wash primer. Ásíìdì wà nínú ẹ̀, ó ń họ ojú irin díẹ̀ kí ohun tó ń bọ̀ lórí ẹ̀ lè dì í mú, ó dáa gan-an lórí alumíníọ̀mù àti irin tó ní síńkì lára, níbi tí ọ̀dà kì í fẹ́ dúró. Ó fẹ́lẹ́, kódà ẹ lè máa rí irin láti abẹ́ ẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe aṣọ, àgbékọ́ lásán ni, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi púráímà mìíì lé e lọ́jọ́ kan náà, ìpẹtà ń bọ̀. Ẹ má fi fílà lé e tààrà torí ásíìdì inú ẹ̀ kì í jẹ́ kí fílà gbẹ dáadáa, ẹ má sì fi epoxy lé e àyàfi tí ẹni tó ṣe epoxy yẹn bá kọ ọ́ sára agolo pé kò burú. Tó bá jẹ́ irin lásán tẹ́ ẹ ti fi sáńpépà 80 tàbí 180 yún dáadáa lẹ ní, epoxy ò nílò rẹ̀. Owó kan ló kù lápò yín yẹn.

Irin tó ti pọ́n: sáńpépà, ásíìdì, àbí kọ̀ńfátà

Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti òrùlé mi yẹn, sáńpépà ti tó. Ẹ má wulẹ̀ náwó.

Tó bá ti jẹ irin ní kòtò kòtò, sáńpépà ń gba òkè kọjá ni, ìsàlẹ̀ kòtò ṣì pupa, ibẹ̀ ni ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì ti wúlò. Òun náà ló wà díẹ̀ nínú Kóòkì, ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi Kóòkì fọ nọ́ọ̀tì nìyẹn, ṣùgbọ́n ṣúgà tó kù lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Ásíìdì yìí ń jẹ ìpẹtà, ó ń fi ìbora eléèérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sílẹ̀ lórí irin. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́ irin. Tó bá ti gbẹ, ẹ tún fi òmíì rin ín, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ wá nù ún kíákíá kẹ́ ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpẹ́sọ̀ gbá gbogbo kọ̀rọ̀, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni ebi omi ń pa jù. Lẹ́yìn náà ẹ tún fi sáńpépà rẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n epoxy, èyí tó bá kù lára ásíìdì kì í bá epoxy rẹ́.

Àwọn ásíìdì mìíì, ẹ gbàgbé. Ti bátìrì kọ́, tèyí tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kọ́, pàápàá ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, á fọ̀ ọ́ mọ́ fẹ́ẹ́ lójú yín, ohun tó fi sílẹ̀ nínú irin ò yàtọ̀ sí iyọ̀, lọ́la ó ti tún pọ́n. Tẹ́ ẹ bá máa la èyíkéyìí, ásíìdì lẹ ó dà sínú omi, ẹ má da omi sínú ásíìdì, kẹ́ ẹ sì bo ojú yín.

Kọ̀ńfátà, èyí tó ń sọ ìpẹtà di dúdú, irú kan wà tó jẹ́ ásíìdì ara èèpo igi ló wà nínú ẹ̀, ó ń bá ìpẹtà ṣe ó sì ń di dúdú bí aró. Ó wúlò níbi tí ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ò dé. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé ìpẹtà ló ń bá ṣiṣẹ́, kì í bá irin tó mọ́ ṣe nǹkan kan, kì í sì wọ ìsàlẹ̀ ìpẹtà tó nípọn. Tẹ́ ẹ bá rí ìpẹtà tó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, ẹ họ ọ́ kúrò, tí ihò bá yọ lẹ́yìn ẹ̀, wẹ́dà lẹ nílò, kọ̀ńfátà kọ́.

Abẹ́ síìtì ẹ̀yìn Ìjàpá mi nìyẹn gan-an. Ibẹ̀ ni bátìrì ẹ̀ ń jókòó, apá ọ̀tún, ogójì ọdún ni ásíìdì ti ń kán sílẹ̀ níbẹ̀, mo fi sukurudiráfà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ó wọlé lọ rírọ̀, mo rí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan sì ti fi kọ̀ńfátà kùn ún kí n tó dé ibẹ̀, ó dúdú minimini. Ó dára lójú ni.

Síńkì, fún ibi tí wọ́n máa wẹ́ẹ̀dì

Níbi tí irin méjì ti máa lé ara wọn tí wọ́n á wẹ́ẹ̀dì wọn pọ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fọ́n sáàárín wọn mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Epoxy á jóná níbẹ̀. Púráímà tó kún fún síńkì ni kẹ́ ẹ fi sí i ṣáájú, síńkì ń fi ara ẹ̀ rúbọ fún irin, òun ni ìpẹtà á kọ́kọ́ máa jẹ. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni o, ibi tí wọ́n máa wẹ́ẹ̀dì nìkan, ẹ má fi ṣe púráímà gbogbo mọ́tò. Èéfín ẹ̀ ò sì dáa, ẹni tó bá fà á símú lọ́sàn-án lè gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe lálẹ́, ẹ ṣe é níta.

Ohun tó ń ba gbogbo wọn jẹ́

Epoxy tó dáa jù lágbàáyé, tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn sórí ọ̀rá, owó ti lọ. Pẹtiróòlù ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń nu irin, pẹtiróòlù sì ń fi ọ̀rá tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ohun tí wọ́n ṣe fún un, tí kò bá sí, tínà tó mọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi fọ ibọn. Àkísà méjì, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbígbẹ, tẹ́ ẹ bá fi ti àkọ́kọ́ nù ún, ẹ fi ìkejì gbá a lẹ́yìn kó tó gbẹ fúnra ẹ̀, tó bá gbẹ fúnra ẹ̀ ọ̀rá tẹ́ ẹ gbé kúrò ti padà sí àyè ẹ̀ nìyẹn.

Kọ̀ǹpẹ́sọ̀ náà ń pọ omi. Ẹ ṣí nọ́ọ̀tì abẹ́ táǹkì ẹ̀ láràárọ̀, ẹ ó ya ẹnu nígbà tẹ́ ẹ bá rí ohun tó máa dà jáde, èyí tí mo rí nígbà àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píọ̀ wọ́tà kan, ó pupa. Omi yẹn ló ń gba inú họ́ọ̀sì bá ọ̀dà lọ sára irin. Ẹ ra ohun tó ń gba omi sílẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ họ́ọ̀sì, kì í wọ́n tó ọ̀dà tẹ́ ẹ máa tún kùn. Ní ti ìbomú, ọ̀dà àti púráímà alágolo méjì tí kì í ṣe epoxy, hádínà wọn léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, aṣọ tí wọ́n dì mọ́mú ò lè ṣe nǹkan kan sí i, ẹ ra èyí tó ní àgbá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́.

Inú tí ojú ò rí: wáàsì (wax) àbí ọ̀dà dúdú

Lábẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá, irin kan wà lọ́tùn-ún lósì tó ní ihò gbọọrọ nínú, ibẹ̀ ni wọ́n ní kí ooru ẹ́ńjìnnì máa gbà wá síwájú fún àwọn tí òtútù ń mú. Àwa ò nílò ooru kankan, omi ló wá ń sùn níbẹ̀. Púráímà ò dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ní kí wọ́n fọ́n ọ̀dà dúdú tó nípọn, èyí tó dà bíi kóòtà títì, sí gbogbo ìsàlẹ̀, ó dáa lórí epoxy níbi tí òkúta ń ta sí, lábẹ́ mọ́gáàdì bí àpẹẹrẹ, àmọ́ tí wọ́n bá fọ́n ọn sórí irin tó ti ń pọ́n, ìpẹtà á máa jẹun lọ lábẹ́ ẹ̀ láìsí ẹni tó máa rí i, tó bá sì gbẹ jù ó ń sán, omi ń há sínú ìsán yẹn. Fún inú, wáàsì ni, èyí tó ń ṣàn bí omi nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ́n ọn, tó wá dì bí ọ̀rá màlúù lẹ́yìn náà, kì í le tán, kì í sán. Họ́ọ̀sì tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fọ́n ọn wọ inú ihò. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kun gbogbo mọ́tò tán ni kẹ́ ẹ tó ṣe é, kó má bà á kán sára ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fọ́n.

Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ mú wáyà tín-ín-rín, ẹ tẹ̀ba wo àwọn ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ irin yẹn, kẹ́ ẹ gún wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáàsì ti dí méjì pa nínú tèmi, fílà ọdún 1990 lọ́hùn-ún ló dí ìkẹta. Àwọn ihò yẹn ni omi ń gbà jáde.